Àwa La Kọ́kọ́ Dé Ẹnu Ọgbà Eré

Èmi kì í pẹ́ débi kankan. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí ìpàdé bá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, láti aago mẹ́sàn-án ni mo ti máa wà níbẹ̀, màá ti nu àga tí mo fẹ́ jókòó lé, màá wá máa wo àwọn tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn ní ìwòkuwò. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí Olúwa bá pè mí, àwọn áńgẹ́lì ló máa bẹ̀ mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣì jókòó síta ná, a ò tíì gbálẹ̀."

Nígbà tí mo wá sọ ọ́ ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ pé èmi àtàwọn ọmọ mi dé ẹnu ọgbà eré kan ní Ìbàdàn nígbà ọlidé, pé aago méje àárọ̀ la débẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ń ṣí i, ẹ̀rín pa wọ́n. Mo bá wọn rín in. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni mo sọ fún wọn. Ìdajì tó kù kò ṣeé sọ ní ọ́fíìsì.

Igbó-Ọrà là ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí síbẹ̀. Ọkùnrin kan ló ṣáájú, ìbejì ló tẹ̀ lé e, obìnrin méjèèjì. Nílùú tiwa, ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré ròyìn. Agbo ilé tí kò bá ní ìbejì, àfi kó jẹ́ pé wọ́n ṣì wà lọ́nà. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí a ti sọ wọ́n lórúkọ ni kò ti sẹ́ni tó pe orúkọ tèmi mọ́. Ìyá Ìbejì ni mo di, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé wa pàápàá, Ìyá Ìbejì ló ń pè mí níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àwọn ọmọ náà jọra ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá ti sùn, àpá kékeré tó wà lójúgun èyí tó kọ́kọ́ wáyé ni mo fi ń dá wọn mọ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ wáyé náà ló kọ́kọ́ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n nígbà náà. Ibà ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé bí ẹni ń ṣeré. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Èmi àti àbúrò ọkọ mi la gbé e lọ. Èmi àti àbúrò ọkọ mi la padà wálé.

Ohun kan wà tí a kì í ṣe lọ́dọ̀ wa bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ. A kì í sọ fún èyí tó kù. Wọ́n ní bó bá gbọ́, ọkàn rẹ̀ á máa fà sí ọ̀nà tí èkejì rẹ̀ gbà, bó bá sì yá, á tẹ̀ lé e. Ẹnu kì í tilẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ìyá wọn kò sì gbọ́dọ̀ sunkún, kí èyí tó kù má baà rí omi lójú rẹ̀ kó máa wádìí. Onígbàgbọ́ ni mí. Olùkọ́ ni mí. Mo ní ìwé ẹ̀rí tí mo gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ìyá ọkọ mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, tó ní, "Gbé e mì. Ọmọ ń wò ẹ́. Gbé e mì," mo gbé e mì. Ẹyọ kan ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ nínú ìbejì. Ṣé òun ni mo wá fẹ́ fi dán ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wò?

Ìyá ọkọ mi náà ló bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń gbọ́ wọn.

"Èkejì ẹ ti lọ sí Ìbàdàn. Ó lọ ṣeré."

"Ibo ní Ìbàdàn?"

"Ibi tí àwọn ọmọdé pọ̀ sí. Àtàárọ̀ dalẹ́, eré ni wọ́n ń ṣe ńbẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa dé, Màmá Àgbà?"

"Bó bá ṣeré tẹ́rùn ni."

Ọmọ náà ní ó dáa. Nígbà tí oorun ń kùn ún, ó lọ gbé ẹní wọn, ó tẹ́ ẹ bó ṣe máa ń tẹ́ ẹ, ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀.

Báyìí la ṣe lo ọdún kan àti oṣù mélòó kan. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a kì í yọ èkejì sílẹ̀, ìyẹn náà ń bẹ nínú àṣà wa. Aṣọ méjì ni mò ń rán, bàtà méjì ni mò ń rà. Bí mo bá se ẹ̀wà, màá bu abọ́ méjì. Abọ́ kejì, bó bá ti lọ sí ilé ìwé, màá gbé e fún ọmọ alájọgbé. Bó bá dé, á bi mí pé, "Ṣé ẹ gbé tiẹ̀ ránṣẹ́ sí i?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Màá fi ẹgba tọ́ka sí i, kí wọ́n lè rí i dáadáa. Màá wá délé, màá tún bu abọ́ méjì.

Ẹ̀gbọ́n wọn mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó ṣẹlẹ̀, kò ṣeé tàn jẹ. Mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde lẹ́nu ẹ, mi ò ní í dá ẹ sí. Kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bàbá wọn wà ní Òkè Ọya níbi tí iṣẹ́ gbé e lọ. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè. Á bi mí bóyá òjò rọ̀, màá ní ó rọ̀. Á ní tọ̀hún kò tíì rọ̀. Àwa méjèèjì á mọ ohun tí a kò sọ, a óò sì dágbére. Bí mo bá wá gbé fóònù sílẹ̀, tí ọmọkùnrin dojú kọ ìwé, tí ọmọbìnrin ń bá ẹ̀gbẹ́ ẹní tó ṣófo sọ̀rọ̀ lẹ́lẹ́, màá jókòó sáàárín ilé bí àlejò. N kò tíì dá wà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ èèyàn wà nílé.

Àwọn ará ìlú kò sì yí orúkọ mi padà. "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o." Màá dáhùn.

Nígbà tí ilé ìwé parí táàmù kẹta, ọmọ mi yìí gba ipò kejì. Ọmọ ọdún méje ni. Mo ní kó sọ ohun tó bá wù ú, màá ṣe é fún un. N kò retí ohun gidi kan. Láti ọjọ́ tí èkejì rẹ̀ ti lọ, bó o bá bi í léèrè ohun tó wù ú, èjìká ló máa sọ sókè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó dáhùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ọgbà eré yẹn, tó wà ní Ìbàdàn."

Ó ti rí àwòrán rẹ̀ nínú fóònù olùkọ́ kan. Ẹṣin onírin tí wọ́n kùn lọ́dà, àti kẹ̀kẹ́ ńlá kan tó ga ju igi àràbà lọ, tí àga wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́ lára, àti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi gbogbo. Inú mi dùn débi pé mo wọ yàrá lọ dúpẹ́. Mo ní ọmọ mi ti ń padà bọ̀ sípò, ó ti ń fẹ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ ohun tó ń wá lọ. Èmi kò mọ̀. Bí làákàyè mi bá yá tó ẹsẹ̀ mi ni, ǹ bá mọ̀.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, mo ń lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, ó wá dúró tì mí.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká tètè lọ o. Ká débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé."

"O ò rí i?" mo pariwo sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Èyí ni ọmọ mi! Ìwọ tí o máa ń sùn bí òkúta, ọmọ bàbá ẹ ni ọ́."

Ọmọkùnrin náà wo àbúrò rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi dé gáréèjì. Àwọn tó ń lọ oko ti wà lójú pópó lórí ọ̀kadà, ọkọ́ léjìká, kẹ́ẹ̀gì omi láàárín ẹsẹ̀. Dírẹ́bà ń pèrò. Ó bi wá pé, "Ẹ̀yin mélòó ni?" Kí n tó yanu, ọmọ mi ti dáhùn.

"Mẹ́rin ni wá. Ẹnì kan ti wà lọ́hùn-ún."

Mo rò pé bàbá rẹ̀ ló kà mọ́ wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Mẹ́ta ni wá." Ó gbójú sókè wò mí, bí ọmọ kíláàsì ṣe máa ń wo tíṣà tó ṣi ìṣirò ṣe, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Báàgì ilé ìwé ni, ó wú. Mo ní kí ló dì sínú ẹ, ó ní aṣọ ni. Mo ní ọmọ tó bá máa ṣeré, ó yẹ kó ní aṣọ ìpààrọ̀, mo yìn ín.

Ìkùukùu bo oko pákí láti Erúwà títí a fi sún mọ́ Ìdó. Oorun gbé àwọn èrò lọ. Ọmọ mi kò sùn. Ó lẹ iwájú orí mọ́ gíláàsì ọkọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó bá pàdé wa ló ń yọrùn wò.

Ẹnu ọgbà náà dákẹ́ rọ́rọ́. Irin ni géètì, wọ́n fi ṣéènì so ó. Láàárín irin géètì, mo rí àwọn ẹṣin inú àwòrán. Wọ́n fi ọ̀rá ńlá bò wọ́n, ìrì ti dúró lórí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ńlá náà dúró gbọin, àga rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. N kò tíì rí ibi tó bani nínú jẹ́ tó ibi eré tí kò sí ọmọdé níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ojú ọmọ, ǹ bá ní ká padà.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ ẹnu géètì jáde sí wa, ó ṣì ń fi pákò rin ẹnu.

"Ẹ kú ìdájí o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"A wá ṣeré ni, sà," mo dáhùn.

"Eré." Ó yọ pákò lẹ́nu. "Aago mẹ́wàá la máa ń ṣí, Màmá. Kì í ṣe oko ni ẹ wá, tí ẹ ń bá oòrùn du ilẹ̀. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Igbó-Ọrà."

"Hẹ̀n-ẹn! Ará Ìbàràpá. Abájọ." Ó gbé bẹ́ǹṣì kan jáde fún wa, ojú rẹ̀ wá tú ká. "Ìlú ìbejì! Àbí irọ́ ni wọ́n ń pa? Ẹ̀yin ò wá ní ìbejì tiyín bí?"

Kí n tó dáhùn, ọmọ mi ti nawọ́ sáàárín irin géètì.

"Ìbejì ni mí. Èkejì mi wà nínú ibẹ̀ yẹn. A wá wò ó ni."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Kò séèyàn kankan ńbẹ̀ o, ọmọ mi. Èmi nìkan ni mo sùn mọ́jú."

Ọmọ mi ronú díẹ̀. "Á jẹ́ pé kò tíì dé. Ibi tó ń sùn lè jìnnà."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé n kò gbọ́ dáadáa. Mo fa báàgì rẹ̀ mọ́ra bí ẹni ń wá aṣọ ìnura, mo ṣí i. Irú aṣọ tó wọ̀ sọ́rùn gan-an ni mo bá níbẹ̀, ẹlẹ́yẹ aláwọ̀ ewé tí mo ra ìgàn rẹ̀ lọ́jà Lánlátẹ̀ tí mo ní kí télọ̀ fi rán méjì. Ó ká a ní mẹ́rin, ó fi bàtà kejì lé e. Aṣọ tí n kò tíì rí i kí ọmọ kankan wọ̀.

"Mo mú un wá fún un ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò gbójú kúrò lójú ọ̀nà. "Èyí tó wọ̀ lọ á ti gbó."

Wákàtí mẹ́ta ló wà níwájú wa. Mo lè sọ òtítọ́ fún un nígbà náà. Kò sẹ́ni tó wà nítòsí àfi bàbá arúgbó tó ti padà sí yàrá rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo máa ń pariwo lé ọgọ́ta ọmọ lórí tí wọ́n á dákẹ́, mo ń bẹ̀rù ọmọbìnrin kan tí kò ga tó ìgbáròkó mi. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi létí. Bí mo bá sọ ọ́, tó bá tẹ̀ lé e ńkọ́? Bí n kò bá sì sọ ọ́, kí ni màá ṣe fún un nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn tí kò bá a nínú gbogbo ọmọdé wọ̀nyẹn? Irọ́ wo ló tún kù? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo wá a gidi.

Mo ní kí àwọn ọmọ mi wá jẹun. Ọmọ mi jẹ ìdajì mọ́ínmọ́ín rẹ̀, ó wé ìdajì kejì padà sínú ewé. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó géètì. Mo ní kó wá jókòó, ó ní ó ti tó, pé láti ibi tóun dúró sí, kò sẹ́ni tó lè kọjá tóun ò ní í rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi òkúta ha ilẹ̀.

Nígbà tó di bí aago mẹ́sàn-án, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọkọ̀ á dúró, bàbá á sọ̀, ìyá á sọ̀, àwọn ọmọ á tú jáde bí adìẹ tí wọ́n ṣí àgò lórí rẹ̀. Gbogbo ọmọbìnrin tó bá sọ̀ ni ọmọ mi ń wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo ń rí i bí ó ṣe máa ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tó máa ń dúró, tó sì máa ń dá a padà bí ọmọ náà bá yíjú. Mo kà á dé ibì kan, n kò lè kà á mọ́.

Aago mẹ́wàá lù, wọ́n tú ṣéènì, wọ́n sì tan orin sí i nínú lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn tò. Àwa la wà níwájú. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú. Kò rìn.

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i, Màámi. Bó bá dé tí kò bá wa ńkọ́?"

Obìnrin tó wà lẹ́yìn wa ní, "Ẹ̀yin lẹ mà kọ́kọ́ dé, mà." Mo ní kí wọ́n máa kọjá. Wọ́n kọjá. Ìlà náà gùn, ó kúrú, ó tán. Àwọn tó kàn dé náà ń wọlé, wọ́n ń wo àwa mẹ́ta tí a dúró síta nínú aṣọ ìjáde. Ariwo ọmọdé ti gba inú ọgbà. Àga kẹ̀kẹ́ ńlá ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.

"Màámi, ẹ sọ fún un." Àkọ́bí mi ló sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ wojú mi.

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!" Mo jágbe mọ́ ọn débi pé bàbá ẹnu géètì yíjú.

Ṣùgbọ́n kò gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Ó dìde, òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbúrò tèmi náà ni. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí ibi tí ó wà. Ojoojúmọ́, Màámi! Ó ti sú mi."

Ọmọbìnrin wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò mí. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú rẹ̀, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. N kò mọ̀ pé mo dì í mú tó bẹ́ẹ̀, àfi lẹ́yìn náà tí mo rí ojú ìka mi lára rẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ fà á lọ.

"Kò ní í wá," mo ní.

"Ṣé kò tíì ṣeré tẹ́rùn ni?"

"Kò sí níbi eré kankan. Irọ́ la pa fún ẹ. Ibà yẹn ni. Èkejì ẹ ti kú."

Mo ti sọ ọ́. Mo tẹjú mọ́ ọn, mò ń retí kó ṣubú, mò ń retí kí ojú rẹ̀ yí. Kò ṣubú. Orin ń lọ nínú ọgbà. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń mí, ó ń wò mí.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí a gbé e lọ yẹn."

"Ṣé ẹ sunkún?"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sunkún."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Mo sun ún ní ilé ìwé," ọmọkùnrin náà fèsì. "Lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Ó gbé e yẹ̀ wò. Èrò tó pọ̀ kọjá lójú rẹ̀, n kò lè tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò lè gbàgbé.

"Gbogbo yín ti mọ̀. Èmi nìkan ni mo ń retí ẹ̀."

Kò pariwo. Kò bú mi. Ṣùgbọ́n mo rí gbogbo ọdún náà láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹní tó fi sílẹ̀, abọ́ ẹ̀wà, gbogbo ọkọ̀ tó ti ń yọrùn wò. Mo rò pé èmi ni mo dá wà nínú ilé wa. Òun ló dá wà jù, àwa la sì fi í síbẹ̀. Ìtìjú bò mí, ó sì dùn mí débi tí n kò mọ ohun tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́.

Ojú rẹ̀ wá fún pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láti inú ikùn, bí ọmọ ọwọ́. Mo gbá a mọ́ra, ohun tí mo ti gbé mì lẹ́nu ọ̀nà níwájú ìyá ọkọ mi sì gòkè wá. Mo sunkún lójú gbogbo ayé, èmi tí n kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí mi kí n húkọ́. Àkọ́bí mi wá fi orí lé mi lẹ́yìn. Àwọn tó ń wọlé ń yà fún wa. Bàbá ẹnu géètì gbé omi inú ọ̀rá mẹ́ta wá, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì dúró sí àárín àwa àti ojú ọ̀nà títí a fi dákẹ́.

Mo ní, "Ṣé ká máa lọ sílé?"

Ọmọ mi mi orí pé rárá. Ó fi omi bọ́jú. Ó ṣí báàgì, ó mú ìdajì mọ́ínmọ́ín tó wé pamọ́, ó gé e sí méjì, ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀kan, ó jẹ èyí tó kù. Omi ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú aṣọ kejì jáde, ó fi nu ojú, ó nu imú, kò sì dá a padà sínú báàgì.

A lọ sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni kankan níwájú wa, kò sí lẹ́yìn wa. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò gbójú sókè.

"Ẹ̀yin mélòó ni, mà?"

Mo yanu. Iye kan wà tí ẹnu mi ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, òun ló sì fẹ́ jáde. N kò jẹ́ kó jáde, ṣùgbọ́n n kò rí òmíràn sọ. Ọmọ mi na ọrùn dé ojú fèrèsé, aṣọ èkejì rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀.

"Mẹ́ta," ó ní. "Mẹ́ta péré ni wá."